Kí A Tó Ṣí Ojú Ewé Ìkẹyìn

Ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé e wá. Kó tó wọ Ifọ̀, yóò ti fọn fèrè lókèèrè, ohùn fèrè náà á gba orí oko ẹ̀gẹ́ kọjá, àwọn adìyẹ á sá kúrò lójú irin, àwọn tó ń ta ẹ̀pà bíbọ̀ àti ẹyin sísè á gbé igbá karí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ ò lè mọ bí ó ṣe ń rí lára. Èrò ni àwọn yòókù ń retí. Ní ti àwa, lópin oṣù, ìdì ìwé kan là ń retí, tí wọ́n fi okùn dì, tí òṣìṣẹ́ reluwé máa ń jù sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bí ẹni ń ju àpò iyọ̀.

Ìwé ìròyìn ni, ìwé ìtàn ọ̀daràn. Orúkọ ńlá kan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ifọ̀, Ta-ló-ṣe-é là ń pè é. Ìtàn kúkúrú ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n jí ẹ̀gbà wúrà ìyàwó olóyè. Wọ́n bá òkú akọ̀wé nínú kànga. Ọmọ olówó dàwátì lọ́jọ́ ìkómọ àbúrò rẹ̀. Àwọn oníwèé á ya fọ́tò àwọn ènìyàn gidi tí wọ́n ń ṣe bí olè, tí wọ́n ń ṣe bí ọlọ́pàá, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú òbìrìkìtì funfun lẹ́bàá ẹnu wọn. O ò ní mọ ẹni tó ṣe é títí o ó fi dé ojú ewé ìkẹyìn, wọn kì í sì í fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ gbayawu. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá abẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù àti omi inú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ lónìí, ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn tó ń yan gàrí wà nígbà náà. Olórí wọn ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àlàájì. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí, oyè náà kàn wù ú ni. Èmi wà ní yunifásítì nígbà náà, mo sì máa ń wálé nígbà ìsinmi. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá Àlàájì á ké pè mí.

"Yunifásítì! Wá kàwé fún wa. Ẹnu tí wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ṣòfò."

Orí odó tí a dojú rẹ̀ dé ni mo máa ń jókòó sí. Èéfín á bo gbogbo wa. Igbá á máa ha inú agbada, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí mo bá sì ti dé ibi tó le nínú ìtàn, gbogbo igbá á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gàrí tó jóná nítorí Ta-ló-ṣe-é kò kéré. Bí ó bá wá ku ojú ewé tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ yẹn, n ó pa ìwé dé, Ìyá Àlàájì á sì kígbe pé, "Ó tó! Ẹ dárúkọ!"

Àṣà wa nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú àgọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó rò pé ó ṣe é, kó sì sọ ìdí. Ẹni tí kò bá dárúkọ, kó bọ́ síta, kò ní bá wa gbọ́ òpin. Ẹni tó bá ṣì í, òun ni yóò bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì.

"Ìyàwó kékeré ni," Sìdí sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, agbada tirẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. "Ẹ ò rí bó ṣe wé gèlè lọ sílé òkú?"

"Gèlè ló ti akọ̀wé sí kànga?" Ìyá Àlàájì bi í.

"Ìyá, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í wé e gẹ̀ngẹ̀ báyẹn."

"Ìwọ náà wé e gẹ̀ngẹ̀ wá sídìí iná lónìí. Ṣé ká ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n Ìyá Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó na igbá tó fi ń yan gàrí sí Sìdí, ó ní, "Ẹni tó o kórìíra kọ́ la ní kí o dárúkọ. Ẹni tó ṣe é ni."

Mo ti jókòó sẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ wa ní bí a ṣe ń gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò. N kò rántí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ mọ́.

Ọdún kan wà tí ìwé náà dé nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. A kà á dé ibi gọ́ọ̀mù, gbogbo wa dárúkọ, a sì ní kí a dúró di ọjọ́ ọdún gan-an kí a tó rẹ́ ẹ. Mo gbé ìwé sórí àpótí. Àgbò Ìyá Àlàájì tí wọ́n so mọ́ òpó fa ọrùn, ó fà á, ó sì jẹ ojú ewé ìkẹyìn náà tán pátápátá. Ẹ bá rí ariwo! Sìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá Àlàájì wo àgbò náà lójú fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀la la ó sì jẹ ẹ́." Títí dòní, n kò mọ ẹni tó jí ẹ̀gbà wúrà yẹn. Ẹ̀yin náà ń wo ìtàn ọ̀daràn, mo máa ń rí yín. Ẹ̀ ń fi ìka tì í síwájú kí ó lè tètè tán. Bí àgbò bá jẹ òpin tiyín, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

N kò tí ì sọ ti Mùfútàù fún yín. Òun ló ni ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ nínú àgọ́ náà. Ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ó ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ jìn wọnú, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìjà ló ń wá kiri. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó láàánú tó o rí láyé mi. Kì í lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá kàn án, yóò máa fi ọwọ́ nu omi ẹ̀gẹ́ lára ṣòkòtò.

"Mùfú, a ń dúró dè ẹ́ o."

"Ọlọ́pàá yẹn ni."

"Ọlọ́pàá tó wá wádìí ọ̀rọ̀?"

"Òun náà ni. Ojú ẹ̀ ò mọ́."

Lóṣooṣù, ọlọ́pàá ni. Lóṣooṣù ni ó sì ń bó ẹ̀gẹ́. Mo bi í léèrè lẹ́yìn àgọ́ lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í fi ojú sí ìtàn. Ó ní òun fi ojú sí i, ó kàn jẹ́ pé gbogbo àwọn tí wọ́n ń fura sí náà ní ìyá nílé, kò sì sí ohun tí orúkọ tí òun bá dá yóò ṣe fún ọlọ́pàá.

Nígbà tó yá ni àwọn oníwèé fúnra wọn wá sí Ifọ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìtàn tuntun kan ní ibùdó reluwé wa, wọ́n sì ń wá ọkùnrin gíga tí ojú rẹ̀ bani lẹ́rù. Wọ́n kọjá níwájú àgọ́, wọ́n rí Mùfú tí omi ẹ̀gẹ́ ta sí lára láti orí dé ẹsẹ̀, inú wọn dùn bí ẹni rí ohun tó sọnù. Mùfú lọ wẹ̀. Ó pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀ padà.

Àlejò kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi Mùfú ṣe nínú ìtàn náà. Ọmọ kékeré kan dàwátì, gbogbo ìlú ń fura sí àlejò. Wọ́n ya Mùfú níbi tó ti gbé ọmọ sábẹ́ apá, tí ó ń sáré, tí ẹnu rẹ̀ là. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi sí èèpo ìwé. Ṣùgbọ́n lójú ewé ìkẹyìn, ẹ ó rí i pé àlejò náà ló rí ọmọ he, ó sì ń gbé e sáré lọ fún ìyá rẹ̀ ni. Àbúrò bàbá ọmọ gan-an, ẹni tó ń ṣáájú àdúrà fún ọmọ tó sọnù, òun ló jí i gbé.

Inú Mùfú dùn púpọ̀. Ó lẹ èèpo ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ rẹ̀. "Ojú mi ti dé Ìbàdàn," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "ara mi nìkan ló kù." Ní ibùdó reluwé, ẹni tó ń ta ìwé fi ẹ̀mú aṣọ kọ́ ọ síwájú ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní gbogbo oṣù náà, tí àwọn èrò tí kò mọ̀wé àti àwọn tí kò ráyè kà á ń wò ó kọjá.

Ọjọ́ ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ará oko ti wá láti Ìbògún, àwọn oníṣòwò ti wá láti Pápálántò àti apá Ṣágámù. Wàsíù, ọmọ Sìdí tí kò tí ì lè sọ̀rọ̀ já gaara, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. A wá a títí. Mùfú ló rí i. Ọmọ náà ti wọ inú apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sùn lọ síbẹ̀. Nígbà tí Mùfú gbé e, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, ó ń ké. Ni Mùfú bá gbé e sábẹ́ apá, ó sì ń sáré bọ̀ wá fún Sìdí.

Ẹ fojú inú wò ó. Èèpo ìwé ló dìde tó ń rìn láàárín ọjà.

"Òun nìyí!" ẹnìkan kígbe. "Ẹni tó wà lára ìwé nìyí!"

Kí a tó débẹ̀, wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbé e ṣánlẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, alápatà ará Pápálántò, fún un lọ́rùn. Àwọn kan mú igi. Ìyá Àlàájì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lé Mùfú lórí bí ìyá adìyẹ, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara òun. Sìdí ń sunkún, ó ń sọ pé aládùúgbò òun ni, kò sí ẹni tó gbọ́.

"Ìwé kò lè purọ́!" alápatà yẹn ń pariwo. "Wọ́n ti tẹ ojú ẹ̀ síta!"

Mi ò mọ ohun tó gbé mi gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ti já ìwé náà gbà níwájú ìsọ̀. Mo ní, "Ó dáa. Bí ìwé kò bá lè purọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí ìwé wí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. N kò fò lọ síbi tó lè gba Mùfú là. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mú un, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin wọlé. Àwọn igi ṣì wà lókè. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ọmọ jí tí kò bá ọmọ lórí ẹní, mo rí i tí igi kan sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó mú un fi ṣe ọ̀pá, ó fara tì í. Nígbà tí mo dé ibi tí àbúrò bàbá ọmọ ti bú sẹ́kún, àwọn obìnrin kan ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Mo ka ìtàn náà dé ibi gọ́ọ̀mù. Mo na ọwọ́ sí onígbàjámọ̀ kan pé kó fún mi lábẹ.

Ni alápatà tó fún Mùfú lọ́rùn bá kígbe pé, "Dúró! Èmi ò tí ì dárúkọ!"

Bí àṣà àgọ́ wa ṣe dé Pápálántò, n kò mọ̀. Bóyá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra gàrí ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló dárúkọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan ní àlejò ni. Àwọn kan ní ìyá ọmọ ni. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ kan ní, "Ẹni tó ń sunkún ju ìyá ọmọ lọ, ẹ ṣọ́ ọ." Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbàgbé Mùfú sílẹ̀ pátápátá. Mo rẹ́ ojú ewé náà, mo kà á. Nígbà tí mo parí, alápatà yẹn lọ bá Mùfú níbi tó jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fi etí agbádá ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. Mùfú wo gbogbo wa. Ó ní, "Èmi ṣì ń sọ pé ọlọ́pàá ni."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé àwa sàn jù yín lọ. Àwa náà gbé igi. Àgbọ́tẹnìkan dájọ́ wà nígbà náà bó ti wà lónìí. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé bí ẹnìkan bá ní kí a dúró kí ìtàn dé òpin, ó máa ń ṣòro fún wa láti má dúró.

Ìwé náà kú. Lóṣù kan a retí ìdì, kò sí ìdì; lóṣù kejì bẹ́ẹ̀. Ìyá Àlàájì kú, Sìdí kú, Wàsíù ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, kò sì wálé mọ́. Àwọn ìwé tí mo tò jọ, ikán jẹ lára wọn, wọ́n fi ìyókù pọ́n ẹ̀pà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú òkèèrè. Ọkọ̀ ojú irin tuntun ń kọjá báyìí, ó dán, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Kò sí ohun tó ń jù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mùfú kó lọ sí Mowe nígbà tí Mowe ṣì jẹ́ igbó, tí o lè gbọ́ ohùn àparò láti ẹ̀bá títì ńlá. Ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀. Lónìí, ilé ti gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ará Èkó tó ń sá fún owó ilé ti kún ibẹ̀, géètì wà lẹ́nu àdúgbò, ìró jẹnẹrétọ̀ àti ti àdúrà ni ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí ẹni tó ń yan gàrí. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń rà á. Ọmọbìnrin rẹ̀, Múníná, ni Mùfú ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Múníná bí ọmọkùnrin kan, Rídíwàánù, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọmọ, n kò rí irú rẹ̀ rí. Gíga Mùfú, dúdú Mùfú, ojú tó jìn wọnú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa ló fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Àánú náà ń bẹ lára rẹ̀. Ó máa ń tún ẹ̀rọ àwọn opó ṣe, á gbàgbé láti gba owó.

Rídíwàánù gan-an ló kọ́kọ́ rí fọ́tò náà lórí fóònù. Ẹnìkan tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ ló gbé èèpo ìwé wa síta, ó ń bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n rántí. Ọmọ náà sáré wọlé. "Baba, ẹ wá wo ara yín! Ẹ wá wo bí ẹ ṣe rẹwà!" Mùfú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ojú òun ti tún dé ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ gé orúkọ ìwé kúrò lókè rẹ̀. Ẹlòmíràn kọ ọ̀rọ̀ sí i pé gbọ́mọgbọ́mọ tó ń dààmú Mowe àti Ìbafò nìyí, kí gbogbo ènìyàn fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn. Ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ sì wà nílẹ̀ lóòótọ́ nígbà náà, àwọn ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ẹnìkan béèrè ìdí tí fọ́tò náà kò fi ní àwọ̀, wọ́n ní kámẹ́rà ilé epo ló yà á.

Mo wà ní Mowe lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Èmi àti Mùfú jókòó níwájú ilé, a ń jẹ àgbàdo sísun, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù Múníná dún. Ohun tó sọ kò yé wa, igbe rẹ̀ nìkan la gbọ́.

Àbúrò Rídíwàánù obìnrin ló rán an pé kó bá òun mú ọmọ òun, Sìmíá, nílé ìwé ní Ìbafò. Ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n ra páfù dídín fún òun, ó sì ń sunkún lójú títì bí ọmọdé ti ń ṣe. Rídíwàánù gbé e sábẹ́ apá pé kí wọ́n máa lọ. Ẹnìkan wò ó. Ó wo fóònù.

Kẹ̀kẹ́ Marúwá la gbé dé ibẹ̀. Èrò pọ̀, wọ́n ti da Rídíwàánù sílẹ̀, wọ́n ń lù ú. Mo ń sọ fún wọn kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kàwé, mo mọ fọ́tò náà, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á, ẹni tó wà lára rẹ̀ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, arúgbó ni. Mo ní ìtàn ni. Mo ní kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ṣe é nínú ìtàn gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín dé òpin. Mo na ọwọ́ sókè bí mo ti nà án lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

"Baba, a ti rí fọ́tò," ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn. Kò yájú sí mi, ẹ gbọ́ mi o. Ó tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. "Kí ló kù tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Òpin rẹ̀ ló kù."

"Ẹ má bínú sà, ẹ sún díẹ̀. Ẹ dí kámẹ́rà."

Lóòótọ́, gbogbo ọwọ́ tó wà lókè, fóònù ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí. Láàárín àwọn ẹsẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Sìmíá, ó ń ké pe, "Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi ni!" Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé kó má bẹ̀rù mọ́, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé tó ja èrò kọjá, nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, tí wọ́n ń fi fóònù sápò, tí wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a óò fi gbé Rídíwàánù wọ ọkọ̀, kò sí ẹni tó kù ju ẹni tó ń ta páfù lọ. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, Rídíwàánù ti dákẹ́, kò mí mọ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wa sọ: ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Arúgbó kì í wo òkú ọmọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n á mú un wọ yàrá, wọn kò ní jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. A sọ bẹ́ẹ̀ fún Mùfú. Lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́. Mùfú ní òun ni yóò wẹ òkú ọmọ náà. Ó wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó jókòó tì mí.

"Apá tí mo fi ń gbé ẹ̀gẹ́ nígbà yẹn," ó ní, "ṣé o rántí rẹ̀? Mo bá a lára ọmọ yìí. Òun náà ni. Àpá tí wọ́n dá sí mi nítòsí ojú lọ́jọ́ ọjà Ifọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ àdúrà òkú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì dìde. Ó ní òun kò fọwọ́ kan Rídíwàánù, òun kò sí ní Ìbafò lọ́jọ́ náà pàápàá. Fọ́tò ni òun fi ránṣẹ́. Ó ní òun rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè fún Mùfú láti ilẹ̀ tó wà.

"Baba, mo ti pa á rẹ́. Ẹ wò ó. Kò sí níbí mọ́."

Mùfú wo fóònù náà. "Àwọn tó o fi ránṣẹ́ sí ńkọ́?"

"Mo ti bẹ̀ wọ́n, Baba. Àwọn kan ní àwọn ti pa tiwọn rẹ́."

"Àwọn tí àwọn yẹn fi ránṣẹ́ sí ńkọ́?"

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀. Múníná ti ń bú sẹ́kún nínú ilé, àwọn àlùfáà ń retí. Mùfú ní kó dìde kúrò nílẹ̀, kó wá jókòó, kí wọ́n bu oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí mi, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó lè wá fá irùngbọ̀n àti irun ìpéǹpéjú òun kúrò. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní Sìmíá ti ń sá fún òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé, bó bá sì ti rí ojú òun tó jọ ti Rídíwàánù yìí, á sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, á máa ké pé kí wọ́n má na ẹ̀gbọ́n mọ́mì òun mọ́.